Olú Aláìlágboorùn Tí Mo Lọ Wá fún Àjàrà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú ilé mi lọ́sàn-án yìí, ẹ sún mọ́ra, kí àwọn tí oòrùn ń pa lè bọ́ sábẹ́ ìbòòji àjàrà. Ẹ rí i bí mo ṣe gba ọwọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó wa láàárọ̀ yìí, tí mo sì fi ohùn líle bá a sọ̀rọ̀. N kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mopélọ́lá ni, ìyàwó ọmọ àbúrò mi. Oṣù méjì péré ló tíì lò nílé yìí, ó sì fẹ́ kí a mọ̀ pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó gbá ẹ̀yìnkùlé, ó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wá dé ìdí àjàrà yìí, níbi tí ewé ti jẹrà lé ewé lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbá a," ló wí. "Bí ìyá mi bá wá kí mi, tí wọ́n rí ìdọ̀tí yìí, wọn ò ní lè gbójú sókè láàárín yín."

"Kí wọ́n wo ilẹ̀, nígbà náà," ni mo dáhùn.

"Ó ń rùn o, Bàbá. Nǹkan aláwọ̀ ewé kan tún ń hù lára gbòǹgbò rẹ̀, bí èyí tó máa ń hù lára ẹ̀kọ tó bá bu."

Ìgbà náà ni mo já ọwọ̀ gbà. Ó wọlé, ó ń sunkún. Mopélọ́lá, jáde wá, mú àpótí, jókòó. Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Èmi Ọdẹ́yalé tí ẹ ń wò yìí, mo ti dojú kọ ẹfọ̀n mẹ́ta lójúmọ́ kan, n kò sì sá fún ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ lọ wo ìwo wọn lára ògiri mi. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kì í ṣe ti ẹfọ̀n. Nígbà tí mo dàgbà tán tí mo lọ kọ́ ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ mi kọ ni iye ọjọ́ tí ìrìn-àjò yìí gbà, kí ọ̀kan má baà sọnù nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ibídùn, lọ sílé ọkọ ní Ìlú Afínjú. Ìlú náà kò ní odò, kò ní kànga, kò sì ní oko. Àjàrà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ìtì rẹ̀ tóbi ju ilé yìí lọ, ẹ̀ka rẹ̀ sì ni òrùlé gbogbo ilé wọn. Èso rẹ̀ ni oúnjẹ wọn, omi inú rẹ̀ ni wọ́n ń mu, òun náà ni wọ́n sì fi ń wẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń gé ẹ̀ka rẹ̀ kí ó lè so, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọ̀bẹ kàn án. Wọ́n ń pe ẹni náà ní Ọlọ́bẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ni Ọlọ́bẹ nígbà tí mò ń wí yìí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́ náà. Bó bá gé ẹ̀ka, ojú ibẹ̀ á dán bí eyín ọmọdé.

Àwọn ará ìlú náà kórìíra ìdọ̀tí ju ikú lọ. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń gbá ìdí àjàrà títí ilẹ̀ pupa á fi yọ. Wọ́n á da omi gbígbóná sí gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n á fi omi eérú fọ ìtì rẹ̀, kí ohunkóhun tó bá ní irun tàbí tó bá ń hù má baà rí àyè. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n rò pé ìmọ́tótó ni.

Nígbà tí mo lọ kí Ibídùn lọ́dún náà pẹ̀lú ẹran yíyan lẹ́yìn mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wẹ̀ mí lẹ́nu ibodè kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọlé. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí àjàrà. Okùn wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe?"

"Àdìgún, kọ́kọ́ gbé ẹran yẹn sọ̀ kalẹ̀, ó ti tẹ̀ ọ́ lọ́rùn." Oríkì mi ló ń pè mí. "Wo ojú ibi tí mo gé lésìí."

Mo wò ó. Ojú egbò náà ti dúdú bí èédú. Ó mú ọ̀bẹ, ó rẹ́ ẹ̀ka kan sí wẹ́wẹ́, dúdú náà wọ inú rẹ̀ lọ bí ọ̀nà èèrà. Ìyẹ̀fun funfun bo èso lára, wọ́n sì ń là lórí igi kí wọ́n tó pọ́n. Ó fi ìka wa ilẹ̀, ìdin funfun mẹ́jọ jáde láàárín gbòǹgbò.

"Wọ́n ní ọ̀bẹ mi ló pa á," ló wí. "Kábíyèsí ti fún mi ní ọjọ́ mọ́kànlélógójì láti òní. Bí kò bá sàn, inú ihò tó wà lára ìtì yẹn ni wọ́n máa fi mí sí, wọ́n á fi amọ̀ dí i. Òfin wọn ni. Ọlọ́bẹ tó bá pa àjàrà, àjàrà ni yóò sin ín."

Mo ní kí a sá lọ. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ ọdún márùn-ún. "Àwọn ọmọ tó wà nílùú yìí ńkọ́, kí ni wọn ó máa mu?" Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ìyá ọkọ òun, kó tó kú, sọ nípa olú kan tí kò ní agboorùn, aláwọ̀ ewé, tó ń gbé ní Igbó Ìjẹrà, tó sì máa ń jẹ gbogbo olú burúkú tó ń pa igi. Mo dìde lọ́jọ́ náà. Èmi tí ẹfọ̀n kò lé sá, ṣé olú ni yóò dẹ́rù bà mí? Bẹ́ẹ̀ ni mo wí fún un. Inú mi dùn sí ara mi púpọ̀ nígbà náà.

Igbó tí mo kọ́kọ́ dé funfun láti ilẹ̀ dókè. Igi, òkúta, ẹyẹ, gbogbo wọn ni ìyẹ̀fun bò. Ohun kan dìde láàárín wọn, kò ní ojú, kò ní ẹsẹ̀. Ẹlẹ́fun lorúkọ rẹ̀.

"Ọdẹ," ó pè mí, "ìbọn rẹ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Yìn ín."

Mo yìn ín. Ọta wọ inú rẹ̀ bí òkúta tí ènìyàn jù sínú ẹ̀lùbọ́.

"Tún un yìn." Mo tún un yìn. "Ó ku mélòó?"

"Ó ku ẹyọ kan."

"Fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹran." Ó bú sẹ́rìn-ín, ìyẹ̀fun ẹnu rẹ̀ sì dí mi ní imú. "Èmi ni mo wà lára èso ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo tún wà lára ọ̀pọ̀ nǹkan. Kì í ṣe ìbọn ni wọ́n fi ń lé mi."

Inú ẹrẹ̀ ni mo dojú bolẹ̀ kí n lè mí. Mo fi àyà fà fún ọjọ́ mẹ́fà. Awọ ìgúnpá mi méjèèjì bó pátápátá. Ìgbín mẹ́rin ni mo rí jẹ, ní tútù, nítorí iná kò lè ràn nínú ìyẹ̀fun náà. Ẹ wo àpá rẹ̀ níhìn-ín. Òmíràn nìyí.

Láti ibẹ̀ mo bọ́ sí Ìlú Ikán. Ògán wọn ga ju ọ̀pẹ lọ. Baálẹ̀ wọn tóbi tó ajá, ó sì fọ́jú. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í kọjá níbẹ̀ láìdáhùn ìbéèrè.

"Àlejò wo ló ń jẹ ilé onílé, tí ilé á sì wó bí àlejò náà bá lọ?"

Mo ní iná ni. Wọ́n jẹ àpò ọdẹ mi. Lọ́jọ́ kejì mo ní ọkọ ni. Àwọn abo ikán rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìdáhùn náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Wọ́n jẹ ìdí ìbọn mi tó jẹ́ igi, ó ku irin. Lọ́jọ́ kẹta mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Baálẹ̀ ní, "Ó tó àkókò." Ó mú mi wọ inú ògán.

Ọgbà ni mo bá níbẹ̀, ọgbà olú, funfun bí òwú, lórí ewé jíjẹrà tí wọ́n jẹ, tí wọ́n sì bì. Àwọn ọmọ wọn ń jẹ níbẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ọgbà náà ń fi ẹnu rẹ̀ lá olú náà díẹ̀díẹ̀, bí abiyamọ tó ń fi omi nu ọmọ.

"Olú yìí ni ìdáhùn rẹ," ni Baálẹ̀ wí. "A kì í gbá ibí. Bó o bá rí ohun tó ò ń wá, rántí pé ó wà láàyè. Ẹ̀yin èèyàn máa ń gbàgbé."

Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ̀rí pé mo gbọ́ nìyí, mo ń sọ ọ́ fún yín. Ọjọ́ méjì sí i ni mo fi rìn kí n tó dé Igbó Ìjẹrà. Ó di ọjọ́ mọ́kànlá.

Ohun gbogbo tó ti kú ló ń bẹ nínú igbó náà, kò sì sí ohun tó kú níbẹ̀. Ìtì igi ń mí. Mo rí obìnrin arúgbó kan tó jókòó, mo kí i, kí n tó rí i pé láti ìbàdí rẹ̀ lọ sílẹ̀, igi rírà ni. Olú hù ní èjìká rẹ̀. Ìyá Ìjẹrà ni wọ́n ń pè é.

"Ta ní ń tẹ̀ mí lára?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Olú aláìlágboorùn ni mo wá tọrọ."

"Ṣé o mọ iṣẹ́ rẹ̀?"

"Wọ́n ní ó ń jẹ àwọn olú burúkú."

"Ó ń jẹ wọ́n. Ó máa ń wé mọ́ wọn bí òwú, á fún wọn lọ́rùn, á mu wọ́n gbẹ. Bí igi bá gba ọgbẹ́, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ojú egbò, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí ọ̀tá má rí àyè wọlé. Ó máa ń gbá gbòǹgbò mọ́ra, ìdin kì í sì í gbádùn ibi tó bá wà. Àwọn ará Afínjú ní in tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀. Wọ́n fi omi gbígbóná pa á."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò gba nǹkan kan, kí n ṣáà jókòó ti òun láìmira títí ara mi yóò fi mọ òun. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi òsì rì sínú igi rírà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án n kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún tó ní kí n dìde, ìka ẹsẹ̀ méjì kò bá mi dìde, èyí tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e. Mo ya etí aṣọ mi, mo fi di ojú ọgbẹ́ náà.

Ó ya ègé igi rírà kan fún mi, aláwọ̀ ewé lára, ó fi ewé gbódògì pọ́n ọn. "Fi sí òjìji. Máa bu omi wọ́n ọn. Máa fún un ní èérí ọkà díẹ̀ lójoojúmọ́. Bó o ṣe gbà á ni kó o ṣe gbé e délé."

Mo dúpẹ́. Mo gbéra.

Ẹ fetí sí ibi tí mo fẹ́ dé yìí dáadáa, nítorí kò sí ẹni tó fi tipátipá mú mi ṣe é. Ní ọjọ́ karùn-ún tí mò ń padà bọ̀, òjò ti rọ̀ láìdá. Mo fọwọ́ kan ẹrù náà lẹ́yìn mi, ó gbóná bí ikùn ọmọ tí ibà mú. Omi ń jò lára rẹ̀, ó kan lórùn. Mo tú u, mo rí irun funfun tó hù láàárín àwọ̀ ewé náà. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo ní ó ti ń bàjẹ́.

Ọdẹ ni mí. Ẹran tí mo bá pa ní ọ̀nà jíjìn, mo máa ń yan án ni. Bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń gbé wálé láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣọdẹ, kò sí èyí tó wà láàyè nínú wọn rí. Òjò dá díẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo kan pẹpẹ igi, mo dá iná sábẹ́ rẹ̀, mo tẹ́ olú náà sórí rẹ̀, mo ń yí i padà bí ẹni ń yí ọ̀yà. Títí ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ṣe é. Ó gbẹ dáadáa, ó pọ́n díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dára. Mo dì í tán, mo yin ara mi. Mo ní ọdẹ mìíràn ì bá ti jẹ́ kó rà.

Ọjọ́ kọkàndínlógójì ni mo dé Ìlú Afínjú. Ẹ̀ṣọ́ wẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó kan aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ mi, òórùn rẹ̀ lé e padà. Ó fi awọ ewúrẹ́ bò ó látòkè, ó so ó pinpin. "O ò gbọdọ̀ tú u nílùú yìí o," ló wí, ó sì lọ fọ ọwọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gba ẹrù náà, ó tú u, ó gbé e sún mọ́ imú.

"Àdìgún, èéfín ló ń run."

"Mo yan án ni, kó má baà bàjẹ́ lọ́nà."

"O yan án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gbé e sún mọ́ imú lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò gùn. "Ìyá wa ti sọ ọ́. Wọ́n ní bí wọ́n bá gbé ọmọ jòjòló fún ọ kó o gbé e dé ìlú kejì, orí pẹpẹ ni wọn ó ti bá a."

A fi sí ojú gbogbo egbò bákan náà. Ó ń bu omi wọ́n ọn, ó ń fi èérí ọkà tí mo rà lọ́nà sí i. Ọjọ́ ogójì, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kọkànlélógójì, ewé tó kù wọ́ sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Kábíyèsí wọn dé, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó ní òfin fi àyè ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀: bí àjàrà bá rúwé láàárín ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá dí ihò náà, wọ́n á yọ Ọlọ́bẹ jáde.

Ibídùn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú ihò. Ó yí padà, ó wo ibẹ̀ yíká. "Ó fẹ̀ ju yàrá tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi nílé ọkọ lọ," ló wí fún mi. Wọ́n fi amọ̀ dí i. Mo jókòó sẹ́nu rẹ̀, n kò lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹsẹ̀ mi ń yún mí. N kò ka òfin ìlú náà sí mọ́, mo tú awọ ewúrẹ́, mo tú aṣọ. Aláwọ̀ ewé ni mo rí. Olú náà ti hù bo ojú ọgbẹ́ mi, tútù, ó wà láàyè, kò sí ìdin níbẹ̀, kò sí ọyún. Láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjẹrà ló ti bá mi bọ̀, n kò sì rántí tọ́jú rẹ̀, ìyẹn ni kò fi kú.

Mo fi ọ̀bẹ ha á kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ó dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Mo gun àjàrà náà, mo fi pa ojú egbò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ogójì ó lé méjì. Mo fi sí gbòǹgbò. Èyí tó pọ̀ jù, mo fi í pa ẹnu ihò tí ẹ̀gbọ́n mi wà, mo fi ìka kì í yí etí amọ̀ ká, nítorí ibẹ̀ ni ọgbẹ́ tó tóbi jù lára igi náà, àti nítorí pé ibẹ̀ ló wà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí i."

"Ṣé tútù ni?" Ohùn rẹ̀ ń wá láti inú igi.

"Tútù ni."

"Ó dára. Má yan án."

Ní ọjọ́ kẹta, àjàrà rúwé láti ìdí dé òkè. Dúdú náà kúrò lójú egbò, ìyẹ̀fun gbọ̀n dànù lára èso. Àwọn ọmọdé ń mu omi lára ẹ̀ka, àwọn ìyá wọn ń sunkún ayọ̀. Kábíyèsí fúnra rẹ̀ wá pẹ̀lú ìyára kó wá ṣí ihò náà.

Kò sí ihò mọ́. Amọ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Èèpo tuntun ti hù láti ọ̀tún àti òsì, wọ́n ti pàdé, wọ́n ti dì mọ́ra, ó dán bí ojú ibi tí Ibídùn fúnra rẹ̀ gé. Olú náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lójú egbò gbogbo, kò fi ọ̀kan sílẹ̀, ibi tí mo sì fi sí jù ló ti ṣe é dáadáa jù.

Mo já àáké gbà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. Mo gbé e sókè.

"Ta ló mú àáké?" Ohùn náà kéré, àmọ́ a gbọ́ ọ.

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fà sẹ́yìn."

"Ibẹ̀ ni omi ń gbà gòkè. Bó o bá gé e níbẹ̀ yẹn, ó tán. Gbé e sílẹ̀, Àdìgún."

Mo ní kí ó máa tán lọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ sí gbogbo àwọn ará ìlú náà tí n kò lè tún sọ níhìn-ín. Kò sí ẹni tó dí mi lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọmọ wọn mọ́ra, wọ́n ń wò mí. Ọmọ kan ń mu omi lára ẹ̀ka lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn.

Mo gbé àáké náà sílẹ̀.

Ọjọ́ méjì sí i ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ gé e lásìkò òjò. Ó ní bí wọ́n bá gé e, kí wọ́n fi olú náà sí ojú egbò lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má dúró di ọ̀la. Ó ní kí wọ́n má gbá ìdí rẹ̀ mọ́, kí wọ́n má da omi gbígbóná sí i mọ́, láéláé. Ó ní kí n gé ẹ̀ka kékeré kan lọ sílé, ó sọ ibi tí n ó ti gé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta mo kí i, kò dáhùn.

Ẹ̀ka náà lẹ jókòó sábẹ́ rẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ni ẹ ń jẹ èso rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ sì ń sọ fún mi pé ó dùn. Mo gbà yín gbọ́. Èmi kò tíì tọ́ ọ wò.

Mopélọ́lá, o ti gbọ́. Gba ọwọ̀ rẹ. Gbá ẹ̀yìnkùlé, gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó o bá dé ibi tí ewé yìí ti bẹ̀rẹ̀, kí o dúró.